Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Lámì Ohùn

Ní ọdún tí wọ́n dìbò ààrẹ tó pín ìlú sí méjì yẹn, mo lọ gé irun. Kí onígbàjámọ̀ tó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó bi mí pé ta ni mo dìbò fún. Mo ní irun orí mi kò dìbò, funfun ló kàn funfun. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tan ẹ̀rọ. Ó ń dúró de èsì. Mo tú aṣọ tó so mọ́ mi lọ́rùn, mo ká a lé àga, mo sì bá tèmi lọ. Ó pẹ́ tí mo fi gbé irun náà kiri bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Kì í ṣe onígbàjámọ̀ nìkan. Alápatà tó wà lójú ọ̀nà ọjà ń fi ẹran dá àwọn èèyàn mọ̀: bí o bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀, itan ni, bí o kò bá sí níbẹ̀, egungun àti ọ̀rá. Ní Láńlátẹ̀, níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ìbátan mi kan, ààfáà ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run sọ ọmọ náà di olórí lọ́jọ́ ọ̀la. Dípò àmín, ohùn kan ti ẹ̀yìn wá pé, “Olórí bíi ti ta ni, Ààfáà?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú dìde. Ọmọ jòjòló tí kò tíì mọ nǹkan kan ju ọmú lọ, wọ́n ti fẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Mo lọ sí yunifásítì nígbà tí ọkọ̀ tó ń ti Igbó-Ọrà lọ sí Ìbàdàn kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò fi ní mọ gbogbo awakọ̀ wọn. Nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ wa, a máa ń jiyàn nípa ìjọba títí àwọn alásè á fi máa fi ṣíbí lu tábìlì pé ká jáde. Ọmọkùnrin kan wà tí èmi àti rẹ̀ kò jọ sí ní ìhà kan náà rí. Ó lè fa èrò mi ya bí àkísà lálẹ́, kó sì wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ pé kí n yá òun ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Màá sì yá a. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé ó yẹ kí iyàn dé ọ̀dọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ti ronú sí i títí, n kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń bá wa ṣáàjì fóònù nítòsí ilé mi ni mo ti ń rí èyí tó pọ̀ jù. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti rédíò kan. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn àgbẹ̀ tó bá ti oko dé á gbé fóònù wọn fún un, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè é. Fóònù tèmi kì í tètè kú. Ọ̀rọ̀ ni mo ń bá lọ síbẹ̀, nítorí pé nínú ilé mi, àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára wọn. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n odò kan náà la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ ni, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju àdá rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn tó tún wà níbẹ̀ ni olórí àáró wọn, ọkùnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì òkè. Ẹgbẹ́ ni òun àti ọ̀rẹ́ mi, wọ́n jọ dàgbà ni.

Ẹni tí kò bá dàgbà lóko lè má mọ àáró. Àwọn àgbẹ̀ mélòó kan á da ọwọ́ wọn pọ̀. Wọ́n á ṣe oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ṣe ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Owó kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Oníkálukú á mú ìlà ebè tirẹ̀, ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìlà kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láàárín, kódà bí òun àti ẹni tó ni oko bá ń bá ara wọn jà. Èmi náà ṣe é kí ìwé tó gbé mi lọ. Ẹ̀yìn mi kò gbàgbé.

Òjò ọdún náà ti ń lọ sópin. Àsìkò yẹn ni à ń kọ ebè iṣu, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Bí òjò bá dá tán, ilẹ̀ wa á le débi pé ọkọ́ á máa dún lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń lu páànù. Ẹni tí kò bá ní ebè nígbà náà, kò níṣu lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ti ṣe oko gbogbo ọmọ àáró náà tán, ó ku ti ọ̀rẹ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìkẹyìn. Ó ti kọ ebè fún gbogbo wọn, ó ku kí wọ́n wá kọ tirẹ̀. Iṣu yẹn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń tà.

Àsìkò yẹn kan náà ni ilé-ẹjọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò. Ẹni tí wọ́n kéde pé ó borí, Bàbá ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é. Olórí àáró fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ ẹ rárá. Lédè wa, ẹni tó bá borí nínú ìdìbò, a máa ń sọ pé ó wọlé. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rí i, màá bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olórí àáró ń sọ bó ṣe máa ń sọ ọ́, pé kí ni ẹjọ́ fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ń fi igi kékeré kan ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀. Kò gbé orí sókè.

“Ó wọlé lóòótọ́,” ló wí. “Ẹ kàn bá mi bi í bóyá ẹnu ọ̀nà ló gbà tàbí fèrèsé.”

Àwọn tó wà ní ìhà tirẹ̀ fi ẹ̀rín lu itan. Olórí àáró dìde. Ó ní ẹni tó bá gba fèrèsé wọlé, olè ni. Ẹni tó bá sì dìbò fún olè, olè ni. Nítorí náà òun ni ọ̀rẹ́ mi pè lólè níwájú gbogbo èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò pe ẹnikẹ́ni, ìbéèrè ni òun bi. Mo gbìyànjú láti dá sí i. Mo sọ nǹkan kan nípa gbọ̀ngàn oúnjẹ àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kò sí ẹni tó wo ẹ̀gbẹ́ mi.

“Ó dáa,” olórí àáró wí. “Olè kì í kọ ebè fún olóòótọ́. Wá àwọn olóòótọ́ bíi tìẹ, kí wọ́n bá ọ kọ ọ́.”

Àwọn tó wà ní ìhà ọ̀rẹ́ mi ní àwọn á lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, nígbà tí ọjọ́ sì pé, ẹnì kan ní òun ń lọ sí Tápà, ẹnì kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n sọ tó níwájú rédíò, kò sí ẹni tó gbé ọkọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dá lọ sóko. Ó ní ìpá kan tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́, tí a ti sọ̀rọ̀ títí pé kó lọ gé e, tó ń sọ pé kò dí òun lọ́wọ́. Inú oko yẹn ni ìpá náà ti yí padà fún un. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló bá a lórí ilẹ̀, ó ti jẹ koríko mọ́lẹ̀ nítorí ìrora. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn ní kí wọ́n gbé e wá sí ọsibítù níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ. Wọ́n ti ilé pa.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ, ẹ ò bá rò pé ojú á là. Ojú kò là. Àwọn ará ìhà kan ní ọ̀rọ̀ burúkú tó sọ ló bá a jà. Àwọn ará ìhà kejì ní àwọn ará ìhà kìíní ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Èmi ń wo ojú ọ̀run. Ó lè ku òjò ọjọ́ mẹ́ta, ó lè ku ti ọjọ́ mẹ́rin, kó tó dá. Ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, ó ṣófo. Mo bá olórí àáró sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀. Ó gbé omi fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì sọ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ oko náà.

Ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ máa dájọ́ pé. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé lórí rédíò lédè òyìnbó. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn kò tíì kà á tán. Gbogbo bẹ́ǹṣì kún. Wọ́n ní kí n máa túmọ̀ fún àwọn, nítorí pé iṣẹ́ tísà ni mo ṣe.

“Tísà, kí ni wọ́n sọ?”

“Wọn kò tíì sọ nǹkan kan.”

“Láti àárọ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti àárọ̀. Ẹnì kan ní ó hàn pé mo ti gbàgbé ìwé tí mo kà.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù olórí àáró fi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Kò sí orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà lásán ló jáde. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó gbé e súnmọ́, ó sì fò sókè. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa pẹ̀lú ohùn tí ará Èrúwà lè gbọ́, pé Alihamudulilahi, Bàbá ti wọlé. Ó ní àwọn tó wà ní Àbújá ti gbọ́ ṣáájú rédíò. Àwọn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn ìhà kejì ní irọ́ ni, pé ta ló fi í ránṣẹ́, pé kó jẹ́ káwọn rí nọ́ńbà náà.

Ọ̀kan nínú wọn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nọ́ńbà náà wé èyí tó wà nínú fóònù tirẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ní nọ́ńbà ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ọsibítù.

Ijó dúró. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọmọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọ̀rẹ́ mi ti fún un ní nọ́ńbà olórí àáró láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ fún nìyẹn.

Wọ́n gbé fóònù náà fún mi. Bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́ nìyí: “Alhamdulilahi. Baba ti wole.” Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ èdè Yorùbá ní kíláàsì, mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó gbé ìkòkò lé èèyàn lọ́wọ́ láì sọ bóyá omi ló wà nínú rẹ̀ tàbí oró. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi àmì sílẹ̀ láìkọ, wọ́n á sì yege. Àwọn ló wá di òbí àwọn tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí.

Olórí àáró ló fi ẹnu ara rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Wọlẹ̀,” ló wí. “Wọlẹ̀ ló kọ. Wọ́n ti sin ín.”

Ó ṣeé gbà. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn. Ẹni tó bá kú láàárọ̀ lè ti wọlẹ̀ kí ìrun Àsárì tó dé. Ẹnì kan ní ta ló ń dúpẹ́ nítorí ikú. Òmíràn dá a lóhùn pé ọmọ tó bá mọ Ọlọ́run ń dúpẹ́ lórí ohun gbogbo. Mo sọ fún wọn pé ọ̀nà kẹta wà. Mo ní ó lè jẹ́ pé wọ́n dá bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù, tó sì ti wọ ilé ọmọ rẹ̀, pé ká pè é kó tó di pé a ń sunkún.

“Tísà,” olórí àáró wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gírámà bá ikú ṣeré.”

A pe ọmọ náà. Fóònù rẹ̀ ti kú. A pè é títí. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin wà ní Èkó, kò sí ẹni tó ní nọ́ńbà wọn lára wa. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún mi ni pé wọn kò ní kéde ní mọ́ṣáláṣí títí a ó fi gbọ́ ohùn ọmọ náà. Rédíò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dájọ́ náà níkẹyìn, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì. Oníṣọ́ọ̀bù ló sọ fún wa lọ́jọ́ kejì.

Olórí àáró jókòó, ó fi fìlà nu ojú. Ó ní ọ̀rẹ́ mi kọ ebè fún òun lọ́dún yẹn láì ya ẹnu, àti pé kò sí ẹni tó yára tó o lójú ìlà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò lè lọ kí ìyàwó rẹ̀ kú ọ̀ràn kí òun sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà ní òfìfo. Ó ní kí gbogbo àáró pàdé lóko náà láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wí fún òun pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Nígbà tí mo fi ọ̀kadà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wọ inú iṣẹ́. Ìhà méjèèjì wà níbẹ̀, ẹni tó lọ sí Tápà ti Tápà dé, ẹsẹ̀ tó ń dun èèyàn ti san. Ilẹ̀ rọ̀, ebè ń ga. Ẹ ò bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti búra pé òun kò ní bá a jẹun nínú àwo kan mọ́, ó ní kò sí olóòótọ́ bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìbàràpá. Òmíràn ní bó ṣe máa ń sọ òótọ́ síni lójú yẹn, ìyẹn ni òun máa ṣàárò jù lọ. Ahọ́n kan náà tí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi irúgbá, inú ń bí mi débi pé omi tí mo gbé wá fún wọn kò wù mí í bù fún ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí èèyàn ní láti kú kí wọ́n tó rántí pé ó ń kọ ebè dáadáa?

Fóònù mi dún. Orí òkè díẹ̀ ni igi yẹn wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ náà ni.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo rí i pé ẹ ti ń pè mí. Iná ò sí láti àná, fóònù mi kú. Ṣé wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́? Bàbá ti wọlé, wọ́n ti kúrò lọ́sibítù. Wọ́n ń mu ẹ̀kọ báyìí.”

Kí n tó dá a lóhùn, mo gbọ́ pé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn ọ̀rẹ́ mi dé, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun ni.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “kí ni ilé-ẹjọ́ sọ?”

Mo pa fóònù náà. Mo mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n bí n kò bá pa á, ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi kò yẹ ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lára.

Mo dìde, mo lọ sí àárín oko, mo sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ ń mu ẹ̀kọ ní Ìbàdàn. Gbogbo ọkọ́ dúró. Olórí àáró fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rú ọkọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi iwájú orí lé e. Èjìká rẹ̀ ń mì. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, n kò sì bi í. Àwọn kan ní “Alihamudulilahi”, wọ́n sọ ọ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Ọ̀kan ní wọ́n ti tan àwọn jẹ, kí àwọn máa lọ sílé.

“Ìlà tó o bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?” olórí àáró bi í.

Wọ́n padà sínú ìlà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìyìn ṣe, èébú ni wọ́n fi parí rẹ̀. Bí ọkọ́ bá ti wọlẹ̀, wọ́n á bú u. Bí ó bá ti jáde, wọ́n á tún bú u. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ló ń jà bí ejò. Wọ́n ní ó ti fi ikú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ebè ìbínú yẹn tilẹ̀ tóbi ju ti ìbànújẹ́ lọ. Bí oníkálukú ṣe dé òpin ìlà rẹ̀, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó lọ. Apá kan ilẹ̀ náà kù tí wọn kò fọwọ́ kàn. Méjì nínú wọn kò padà wá sínú àáró náà mọ́ títí di òní.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi wálé. Ó ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ yà sí oko. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́, ó wo ilẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, títí kan ẹkún.

“Wọn ò parí ẹ̀,” ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ wo ojú mi, ó yáa sọ pé kí gbogbo wa padà sínú ọkọ̀.

Mo wá di ìránṣẹ́. Olórí àáró ní òun á wá parí èyí tó kù bí ọ̀rẹ́ mi bá kó ọ̀rọ̀ fèrèsé rẹ̀ jẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ọ̀rọ̀ tí òun máa kó jẹ. Mo gbé èyí lọ, mo gbé ìyẹn bọ̀, pẹ̀lú eékún mi tí kò fẹ́ kí n gun òkè. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rọ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bó ṣe máa ń funfun kí ọyẹ́ tó dé. Ní ọjọ́ kan, mo pe ọ̀rẹ́ mi jókòó. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ìwọ, ó wà lẹ́nu òun náà. Èmi ò gbé e fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ti àáró, o ti gba iṣẹ́ ọ̀fọ̀ lọ́wọ́ èèyàn láì kú, o kò sì tíì san án. Bóyá o fẹ́ràn wọn tàbí o kò fẹ́ràn wọn, mi ò bi ọ́.” Ó fojú sílẹ̀.

Ẹni tí wọ́n rán ní ikùn kò lè tẹ̀ kọ ebè. Ṣùgbọ́n ó lè jókòó gé èbù, ìyẹn ègé iṣu tí à ń gbìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọ̀bẹ, ó gun ọ̀kadà lọ sí oko olórí àáró láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó jókòó sẹ́nu abà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé iṣu rẹ̀ ní èbù. Nígbà tí olórí àáró dé, ó rò pé olè ni. Wọ́n ní wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, àfi ìgbà tí olórí àáró ní ó ń gé e tóbi jù, tí ọ̀rẹ́ mi sì dá a lóhùn pé kò tóbi jù.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, olórí àáró àti àwọn tó kù gbé ọkọ́ wá sí oko ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀ ti ń le, ṣùgbọ́n ó ṣì gba ọkọ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń kó èbù tí ọ̀rẹ́ mi ń gé sínú agbọ̀n, eérú ni a fi ń pa á lójú. Fún ìgbà díẹ̀, oko dákẹ́ rọ́rọ́, mo ń gbádùn rẹ̀, ó jọ oko ìgbà èwe mi. Lójijì, láti àárín ebè, olórí àáró ké sí i pé ṣé ó ti gbọ́ pé ilé-ẹjọ́ ti dájọ́. Ọ̀rẹ́ mi ké padà pé òun kò ní ilé-ẹjọ́ kò dájọ́, pé ohun tí òun bi wọ́n ni kò sí ẹni tó dá òun lóhùn. Láti ibẹ̀ lọ, n kò rí ìsinmi. Wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ sí ara wọn kọjá oko títí oòrùn fi yí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo pàṣẹ fún wọn gẹ́gẹ́ bí àgbà. Mo sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì fẹ́ sọ mí di wèrè. Olórí àáró ní, “Ẹ má bínú, Tísà,” ó sì bọ́ padà sínú rẹ̀. Ebè parí. Mo kà á sí ohun rere kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a fẹ́ lọ sílé, àwọn yòókù ti fẹsẹ̀ rìn lọ, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló kọjá. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi, pé ìrìn kò dára fún ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́kadà ní ó yẹ kí ẹnì kan dì í mú láti ẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀nà náà ti wó. Olórí àáró gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi apá gígùn rẹ̀ méjèèjì gbá a mọ́ra kó má baà ṣubú, ó sì ń báa lọ láti sọ fún un sétí pé kò mọ nǹkan kan nípa òṣèlú. Mo dúró sójú ọ̀nà, mo ń gbọ́ wọn títí wọ́n fi yí kọ̀rọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà.